Iná Tí Thoa Dá Lẹ́yìn Ìyá Nhu

Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó bú u. Ẹni tó ni ìtàn yìí ti bú ara rẹ̀ kọjá ibi tí èmi àti ẹ̀yin lè bú u dé. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó sì ní mi ò gbọdọ̀ yí orúkọ òun padà.

Thoa ló ń jẹ́. Ó ní búkà kan ládùúgbò wa ní Haiphong, nínú ọ̀nà tóóró kan tí kẹ̀kẹ́ méjì kì í kọjá ara wọn níbẹ̀ láìbú ara wọn. Núdù alákàn ló ń tà. Núdù ìrẹsì ni, ó pupa, ó fẹ̀ pẹlẹbẹ, ọbẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti akàn oko tí wọ́n gún lódó, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá rọra gbé kaná títí ẹran rẹ̀ fi léfòó. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi búkà náà lé e lọ́wọ́ kó tó kú.

Gbogbo ará Haiphong ló ń bá ará Hanoi ṣe ẹjọ́ kan náà. Hanoi ni olú ìlú, Hanoi ló ní ilé ìjọba àti òtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi, a gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ilé ìjọba? Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni ká sọ! Àwọn búkà kan sì wà ní Hanoi tí olóúnjẹ ti máa ń fi èébú kún oúnjẹ oníbàárà, ìyẹn làwọn ará ibí máa ń fi gún wọn lára jù. "Lọ́dọ̀ yín, ẹ máa ń bú èèyàn kí ẹ tó bu oúnjẹ fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń kí i." Thoa fúnra rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn èrò Hanoi láìmọye ìgbà, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ àkọ́tà, mi ò ní fi gún yín létí. Níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ rà láàárọ̀ ni ọjà ọjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dára, ọjà á tà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá dára, tàbí bó bá dé tó tún lọ lọ́wọ́ òfo, ọlọ́jà á ṣáná sí bébà, á fi yí ọjà rẹ̀ ká kí iná lè jó ẹsẹ̀ burúkú náà dànù. Wọn kì í ṣe é lójú ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí. Bí ẹni náà bá fi rí i pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ náà kì í tán nínú rẹ̀.

Ìyá Nhu ló ń ṣí ọjà Thoa. Opó ni, ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ Thoa ni láti kékeré. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ló ti máa ń dé pẹ̀lú akẹtẹ̀ rẹ̀ àti abọ́ onídèérí rẹ̀. Á jókòó sídìí tábìlì abẹ́ igi, á máa jẹ ewé tó ń pọ́n àwọn arúgbó ibí lẹ́nu, á máa tutọ́ pupa sínú agolo, á máa wúkọ́. Thoa á bu núdù sí abọ́ rẹ̀, á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, á fi owó náà kan ìkòkò, á fi kan tábìlì.

"Ẹsẹ̀ mi rèé o, ìyàwó wa," ni ìyá náà máa ń wí. "Kó tà tán."

"Àṣẹ, mọ́mì."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí Luan fi dé.

Luan yìí, ọmọ Hanoi ni. Ó máa ń gbé kámẹ́rà kiri, ó máa ń jẹun láti ìlú dé ìlú, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló sì ń wò ó lórí fóònù wọn. Ó bá ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Sátidé wá, ó jókòó, ó jẹ àbọ̀ núdù rẹ̀. Ó jẹ ìyókù, ó gbé abọ́ sẹ́nu, ó mu omi ọbẹ̀ gbẹ.

"Àǹtí, ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá ọkọ mi ni."

"Wàhálà dé. Mo ti fọ́nnu fáwọn èèyàn mi nílé pé kò sí nǹkan tí Haiphong fẹ́ fi han Hanoi. Ẹ ti fẹ́ sọ mí di onírọ́."

"Ẹ gbé abọ́ yín wá," ni Thoa wí. "Ẹ jẹ́ kí n bu omi ọbẹ̀ sí i, kí irọ́ náà lè tètè rì."

Luan rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe fídíò kan tí yóò fi oúnjẹ Hanoi àti ti Haiphong dojú kọ ara wọn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ bóyá ìlú kékeré lè bá ìlú ńlá figa gbága. Búkà Thoa ló fẹ́ kó dúró fún Haiphong.

"Àwọn tó ń kó èrò wá síbí lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n," ni Luan wí. "Bí tiyín bá borí, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n á kọ́kọ́ máa yà sí. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtù ni mo fẹ́ wá o. Èmi ni mo fẹ́ ṣe oníbàárà àkọ́kọ́. Kí ẹ sì fi mí sídìí tábìlì abẹ́ igi yẹn, ibẹ̀ ló máa dára jù nínú kámẹ́rà."

Orí Thoa wú. Òun, ìyàwó ilé inú ọ̀nà tóóró, ni yóò dúró fún odindi ìlú! Ó ti ń rí àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n tò gbọọrọ lọ dé títì. Ó ti ń ronú àga tuntun.

Duyen, tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì ọ̀nà, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà síta. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo tábìlì abẹ́ igi.

"Ìyá Nhu ńkọ́?"

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ṣé itọ́ pupa lo fẹ́ kí ará Hanoi kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọbẹ̀? Kí ikọ́ ìyá sì máa dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ nínú fídíò? Thoa, àbúrò mi, ọjọ́ kan péré ni. Wí fún wọn kí wọ́n sinmi nílé."

Thoa ní kí Duyen má sọ̀rọ̀ burúkú nípa àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí agolo itọ́ yẹn bí ẹni tí kò rí i rí. Ó tún ń gbọ́ ikọ́ náà. Ohun kan sì tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò sọ fún Duyen: bí ọlọ́lá ọmọ Hanoi bá fi ẹsẹ̀ ọlá ṣí ọjà fún òun lọ́jọ́ náà, ta ló mọ ibi tí ọjà náà lè dé? Ẹsẹ̀ opó arúgbó, ibo ló lè gbé èèyàn dé kọjá inú ọ̀nà tóóró?

Khiem, ọkọ rẹ̀, ní, "Lọ bá ìyá nílé, kó o ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n á gbọ́."

Ó lọ. Ó bá ìyá náà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó bá a ṣa á. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ bí akàn ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ gan-an dé ètè rẹ̀, kò jáde. Báwo lèèyàn ṣe ń wí fún àgbà pé itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ti òun lójú? Ó dìde, ó ní ó dàárọ̀. Ìyá náà dáhùn pé ó dàárọ̀, pé òun á dé ní kùtù.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, Thoa ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí tábìlì abẹ́ igi. Ọbẹ̀ ti hó, ẹran akàn ti léfòó, òórùn rẹ̀ ti gba ọ̀nà kan. Ló bá rí akẹtẹ̀ Ìyá Nhu tó ń bọ̀.

Ìyá jókòó sórí àpótí, ó ṣí akẹtẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó na abọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ọbẹ̀ ò tíì jinná," ni Thoa wí.

"Kò burú, mo lè dúró."

"Ó máa pẹ́ o. Iná ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ máa lọ sílé, màá gbé e wá bá yín."

Ìyá Nhu wo ìkòkò tó ń rú èéfín. Ó wo aṣọ tuntun orí tábìlì. Ó wá wo ojú Thoa, Thoa sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ṣíbí tó mọ́.

"Ó dáa, ìyàwó wa," ni ìyá náà wí. Ó gbé abọ́ òfo rẹ̀. "Kó tà tán."

Ó lọ.

Ibi tí ẹ̀rù ti ba Thoa nìyẹn. Àṣé kò rò ó dé ibẹ̀! Ẹni tó kọ́kọ́ dé ti lọ lọ́wọ́ òfo. Irú àkọ́tà wo nìyẹn, lọ́jọ́ tí Hanoi ń bọ̀? Ó ya bébà ìwé ìròyìn, ó tì í bọ iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi yí ìkòkò ká, ó fi yí tábìlì ká, ó nà án sí ọ̀nà tí ìyá náà gbà lọ.

"Ẹsẹ̀ rere dúró, ẹsẹ̀ burúkú máa lọ. Ẹsẹ̀ rere dúró, ẹsẹ̀ burúkú máa lọ."

Nígbà tó gbójú sókè, Ìyá Nhu ló dúró níwájú rẹ̀.

Bébà náà jó dé ọwọ́ Thoa, kò jù ú sílẹ̀.

"Akẹtẹ̀ mi ni mo gbàgbé," ni ìyá náà wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un lórí àpótí. Kò dé e. Ó fi mọ́ àyà, ó sì padà síbi tó ti wá, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tí kò fẹ́ kí ara òun kan nǹkan kan.

Thoa fẹ́ pè é. Ó lanu. Ohùn tó gbọ́ kì í ṣe tirẹ̀.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o!" Luan ni, ó ń bọ̀ láti ìkòríta, kámẹ́rà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé èmi ni àkọ́kọ́ lónìí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ṣì lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Ó lè sá tẹ̀ lé ìyá náà. Thoa ní ìgbà gbogbo lòun ń padà sí ibi yìí nínú ọkàn òun, ìgbà gbogbo lòun sì ń sáré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó tẹ bébà tó jóná mọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ni," ni ó wí.

Ọjà náà tà. Ó tà débi pé ìkòkò gbẹ kí oòrùn tó mú.

Nígbà tí fídíò jáde, gbogbo ọ̀nà tóóró náà kó jọ sí ìsọ̀ Duyen, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ló tóbi jù. Wọ́n ti Thoa jókòó síwájú bí ìyàwó tuntun. Khiem dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n rí Luan tó ń jẹun ní Hanoi. Gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n rí i nídìí tábìlì abẹ́ igi, tó ń mu omi ọbẹ̀ Thoa gbẹ. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dárí jì mí. Bó bá jẹ́ ti ọbẹ̀ ni, Haiphong ti nà wá lálùbolẹ̀." Àwọn èèyàn fò sókè. Duyen dì mọ́ Thoa. Ẹnì kan ń pariwo pé, "Ẹ lọ máa jẹ ilé ìjọba yín!"

"Ṣùgbọ́n," ni Luan wí, "ẹ wo nǹkan tí mo rí kí n tó jókòó."

Ó ti ń ya fídíò láti ìkòríta, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ẹ̀yìn arúgbó kan ló kọ́kọ́ hàn, àti abọ́ òfo lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná. Ohùn Thoa dún ketekete: ẹsẹ̀ burúkú máa lọ. Wọ́n rí Ìyá Nhu tó yí padà. Wọ́n rí i tó dúró, tó ń wò ó.

"Mo bi í bóyá èmi ni àkọ́kọ́," ni Luan wí nínú fídíò. "Ó ní èmi ni. Àwọn ará Haiphong máa ń sọ fún wa pé, lọ́dọ̀ yín ẹ máa ń bú èèyàn, lọ́dọ̀ tiwa a máa ń kí i. Òótọ́ ni, lọ́dọ̀ wa wọ́n á bú ẹ lójú. Mi ò mọ èyí tó sàn mọ́. Torí náà, mi ò ní sọ ẹni tó borí."

Duyen ti yọ ọwọ́ kúrò lọ́rùn Thoa.

"Háà, Thoa! Ìyá Nhu?"

"Ìwọ náà lo sọ pé kí n…"

"Mo ní kó o wí fún wọn kí wọ́n sinmi nílé! Ṣé mo ní kó o dáná sun ẹsẹ̀ wọn ni?"

Thoa wo ẹ̀yìn, ó ń wá ojú ọkọ rẹ̀. Khiem ti ń jáde lọ. Ó yíjú padà lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ọ̀rẹ́ màmá mi," ni ó wí.

Ará Hanoi fi ará Haiphong ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù débi pé kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Wọ́n ń béèrè pé ṣé bí ẹ ṣe ń kí èèyàn rèé? Ìlú kan gbáko ló pàdánù ìṣẹ́gun tó ti wọlé tán, gbogbo rẹ̀ sì wá kó sórí Thoa. Àwọn èrò Sátidé ń yà sí ọ̀nà kejì. Àwọn ará ilé gan-an ló dun Thoa jù. Ọkùnrin kan tó ti ń jẹ núdù níbẹ̀ láti ayé ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Ìyàwó," ni ó pè é, "ṣé ẹsẹ̀ tèmi dáa tó?" Ó sì kọjá lọ.

Thoa lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Nhu. Ó gbé oúnjẹ dání, ó gbé èso dání, ó ń sunkún.

"Dìde," ni ìyá náà wí. "Mi ò bínú sí ẹ."

"Mọ́mì, ẹ gbá mi létí."

"Nítorí kí ni? Ṣé ọjà tà lọ́jọ́ náà?"

Thoa dojú bolẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ó tà. Ṣé o rí i? Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kúrò níbẹ̀ ló tà. Èmi ni mi ò tètè mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti bàjẹ́."

Thoa ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìwà òun ló bàjẹ́. Ìyá náà ń mi orí. Ó ti abọ́ oúnjẹ tí Thoa gbé wá padà sí i, jẹ́jẹ́.

"Gbé ìyẹn fún bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Òun ló máa ń jẹ ẹ́."

"Ó máa ń jẹ kí ni?"

"Núdù rẹ. Akàn ò bá mi lára mu láti kékeré, ọ̀fun mi á wú. Ìyá ọkọ rẹ mọ̀. Nígbà tó ń kú lọ ló dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, 'Nhu, ọmọ yìí ò tíì mọ ọjà. Bá mi máa ṣí i fún un.' Mo sì ń ṣí i." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ó ku ẹni tó máa wí fún un pé mi ò lè ṣe é mọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, Thoa ní bó bá ṣe pé ìyá náà gbá òun létí ni, òun ì bá sùn lọ́jọ́ náà.

Ohun tó burú jù ló rí lọ́jà lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá Nhu dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó jìnnà díẹ̀ sí ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń pè é, "Mọ́mì, ẹ wá rà á nígbà tó ṣì tutù!" Ìyá náà ń juwọ́: "Kí ẹlòmíì kọ́kọ́ rà ná, ọmọ mi. Mò ń bọ̀." Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn mìíràn fi rà, kó tó sún mọ́ ibẹ̀. Thoa fara pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ja, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun ló ṣe èyí fún àgbà. Iná bébà kan péré ni, ó sì ti jó ìyá náà dé inú egungun.

Nígbà tí Tet, ọdún tuntun wa, kù dẹ̀dẹ̀, Thoa mọ ohun tí yóò ṣe. Lọ́jọ́ ọdún, ẹsẹ̀ tó bá kọ́kọ́ wọ ilé ẹni ló ni gbogbo ọdún náà. Àwọn olówó máa ń yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé wọn bí ẹni ń yan ọba. Thoa lọ bẹ Ìyá Nhu pé kó wá kọ́kọ́ wọ ilé òun.

"Orí rẹ dàrú ni?" ni ìyá náà wí. "Bí ẹsẹ̀ mi ò bá dára fún ọjọ́ kan, odindi ọdún wá ńkọ́? Mi ò lè fi ọdún tìrẹ dán ẹsẹ̀ mi wò."

Ọjọ́ ọdún pé. Thoa ti ilẹ̀kùn. Àbúrò Khiem dé pẹ̀lú ẹ̀bùn, Thoa bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé: "Ẹ máà bínú, ẹ kò tíì lè wọlé." Ẹ̀gbọ́n Khiem dé, ó bínú lọ. Khiem wo gbogbo rẹ̀, kò dá sí i. Ó kàn lọ tan tùràrí níwájú àwòrán ìyá rẹ̀, ó sì fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Gbogbo àdúgbò gbọ́ pé ilé Thoa ṣì wà ní títì. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní o ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé," ni Ìyá Nhu wí. Ó ti wọ aṣọ ọdún. "Ṣé o fẹ́ sọ ilé ọmọ ọ̀rẹ́ mi di ahoro ni?"

"Ẹ wọlé, mọ́mì."

"Bí ọdún yìí bá burú ńkọ́?"

"Bó bá burú, ọwọ́ mi ló ti wá. Ẹ wọlé."

Ìyá náà gbé ẹsẹ̀ sókè, ó dá a dúró lókè díẹ̀, ó wá gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ pé ọdún náà dára? Kò dára. Thoa ní kí n má parọ́ fún yín. Àwọn èrò Sátidé kò padà, búkà tuntun méjì ṣí lójú títì, akàn sì gbówó lórí. Ìgbà mìíràn wà tí ìdajì ìkòkò máa ń ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n Ìyá Nhu ti ń wá ní kùtù, akẹtẹ̀ lórí, abọ́ lọ́wọ́. Ó tún ń jókòó sídìí tábìlì abẹ́ igi, ó ń tutọ́ sínú agolo. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, tẹ̀rùtẹ̀rù.

"Ṣé ó tà tán lánàá?"

"Ó tà tán, mọ́mì."

Kí ilẹ̀ tó ṣú lójoojúmọ́ ni Thoa máa ń gbé ohun tó ṣẹ́kù lọ sẹ́yìnkùlé, ọbẹ̀ tó na Hanoi lálùbolẹ̀, á sì dà á sínú gọ́tà, á fi omi ṣàn án dáadáa, kí ojú ìyá náà má baà kàn án láàárọ̀.

"Ṣé o rí i?" ni Ìyá Nhu wí lọ́jọ́ tí èmi náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn bíi ti ọmọdé. "Ẹsẹ̀ mi ti ń padà bọ̀ sípò."

Thoa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kan ìkòkò, ó fi kan tábìlì.